Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí Mi Ò Fi Ẹnu Kí Ìyá Ọkọ Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ohùn mi lọ. Mo ń fi èdè Faransé sọ fún ọmọ kan pé kó jókòó, ìdajì ọ̀rọ̀ náà jáde, ìdajì tó kù ò jáde mọ́. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́ jáde lẹ́nu mi, bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ bá ń jò. Àwọn ọmọ rò pé mo ń bá wọn ṣeré ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo tún gbìyànjú. Fíììì. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mi mú ni wọ́n tó dákẹ́. Ẹ ò rí i pé inú bí mi! Ìdákẹ́ tí mo ti ń fi ariwo wá láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé, ọjọ́ tí mi ò ní ohùn kankan mọ́ ni mo rí i.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwé aládàáni kan ni, ní Attiégou, nílùú Lomé. Kíláàsì àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún mi, àwọn ọmọ náà sì lé ní ọgọ́ta. Páànù ló wà lórí wa. Wẹ́dà kan wà lẹ́yìn fèrèsé ọ̀tún tó ń gé irin láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo wà lẹ́yìn ti òsì. Bí òjò bá wá rọ̀ sórí páànù, àfi ká kàn máa wo ara wa. Ta ni ò ní pariwo níbẹ̀? Dìrẹ́tọ̀ wa, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń pè ní Mùsíọ̀, kì í kí mi láìfi ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò kún un. Bàbá ọmọ kan máa ń yọjú sí mi ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì pé kí ló dé tí ọmọ òun ò gba ipò kìíní. Eyín mi a máa dun mí ní òwúrọ̀ nítorí mo ti ń payín keke lójú oorun ní gbogbo òru. Mo tún máa ń lá àlá pé ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ti jókòó, èmi nìkan ni mo wà níwájú wọn láìwọ bàtà.

Dókítà tí mo lọ bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi dígí kékeré wo ọ̀fun mi, ó mi orí. Ó ní okùn ohùn mi ti wú, ó ti fẹ́ ya. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọ̀rọ̀ kankan ò gbọdọ̀ jáde. Mo kọ ọ́ sórí bébà pé, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ńkọ́? Ó ní wúyẹ́wúyẹ́ gan-an ló burú jù. "Madáàmù, iṣẹ́ yìí ti wọ̀ yín lára jù," ó ní. "Ẹ fara balẹ̀, ẹ sinmi. Bí ẹ bá tún pariwo lórí èyí, iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ lọ máa wá." Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ìwọ ọmọ yìí, wá dúró fún mi níwájú ọgọ́ta ọmọ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ká wo bí wàá ṣe fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn, pẹ̀lú gbogbo wàhálà inú rẹ̀.

Dìrẹ́tọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kẹ́dùn fún mi dáadáa kó tó sọ pé òun á gba kíláàsì lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ kíláàsì tó tẹ̀lé tiwa yóò máa kọ́ wọn títí ìdánwò yóò fi parí, kí èmi lọ máa mójú tó yàrá ìkàwé. Yàrá ìkàwé wo? Kọ́bọ́ọ̀dù kan ni, ẹ̀fọn ló sì pọ̀ níbẹ̀ ju ìwé lọ. Mo gba síléètì lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń kọjá, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kó jọ̀wọ́, mo lè kọ́ wọn láìsọ̀rọ̀. Ó kà á, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ?" ó ní. Gbogbo ilé ìwé ló mọ ẹnu mi. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ó dáa, òun á wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì mi ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí òun bá bá ariwo níbẹ̀, kí n gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọgbọ́n tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kì í ṣe nǹkan tuntun. Gbogbo ọmọ tó bá kàwé ní Lomé ló mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bí tíṣà bá fi rúlà onígi gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ ìdáhùn sórí síléètì. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn á gbé síléètì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò orí nìkan la máa ń fi í ṣe. Mo wá sọ ọ́ di ohun gbogbo. Ọjọ́ kìíní, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n rí i pé bí àwọn bá ń pariwo, àwọn ò ní gbọ́ rúlà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn wí. Ọmọbìnrin kan tún rò pé níwọ̀n ìgbà tí mi ò lè sọ̀rọ̀, òun náà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Ó sún mọ́ mi, ó fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ béèrè bóyá òun lè lọ tọ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo kíláàsì ló ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ilé ni ìjọ̀ngbọ̀n wà.

Ìyá ọkọ mi ń bá wa gbé. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Adewui, wọ́n ti ń tà á kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn ni wọ́n ti ń fẹ́ kí n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, kí n wá jókòó tì wọ́n ní ìsọ̀. "Pẹ̀lú ẹnu tí o ní yìí!" ni wọ́n máa ń wí. Lójú tiwọn, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń fi ẹnu náà ṣòfò lé lórí. Wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ mi. Bí oníbàárà bá bi wọ́n pé kí ni ìyàwó ọmọ wọn ń ṣe, wọ́n á ní, "Ó máa ń lọ síbì kan ní Attiégou." Ibì kan! Bí ẹni pé mo ń lọ jí ewúrẹ́ níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ fún wọn pé ibì kan yẹn ti gbé ẹnu mi mì? Ọkọ mi nìkan ni mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí lórí fóònù, òun sì ti kó ọjà lọ sí ìlú Kara. Mo ní kó máà sọ fún ìyá rẹ̀. Mo rò ó pé, kí ni ọ̀sẹ̀ méjì? Màá tètè máa jáde, màá tètè máa sùn. Àṣé orí mi ò pé.

Nílé Yorùbá! Àárọ̀ kejì, mo kúnlẹ̀ fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dúró kí n sọ pé ẹ kú àárọ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé inú mi dùn sí wọn. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. "Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan o?" wọ́n ní. Mo mi orí, mo tún rẹ́rìn-ín, mo sá jáde. Nígbà tí mo fi máa délẹ̀kùn, mo gbọ́ tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀: "Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n rúlà, mo gbé àkúmẹ̀, ìyẹn òkèlè àgbàdo, àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ́mà tí wọ́n fẹ́ràn jù sórí tábìlì. Wọ́n wà níta, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Ọwọ́ mi ti mọ́ rúlà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo mú orógùn, mo fi gbá tábìlì. Kò! Kò! Wọ́n wọlé wá díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo orógùn, wọ́n wo èmi.

"Èmi lò ń kàn bí ilẹ̀kùn?"

Mo ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún pé rárá o, Màmá. Mo nawọ́ sí ọ̀fun mi. Mo rò pé tí wọ́n bá kàn mọ̀ pé òtútù mú mi lọ́fun, wọ́n á fojú fo èyí tó kù.

"Ọ̀rọ̀ mi ti kún ọ dé ọ̀fun, àbí?" wọ́n ní. "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Wọ́n yí padà, wọ́n sì lọ jẹ búrẹ́dì nínú yàrá wọn. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ọbẹ̀ gbọ́mà! Ó dùn mí gan-an, mi ò sì lè jẹ èyí tí mo bù fún ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ní láti lọ ra tòmátì ní Adewui. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ìyá ọkọ mi ni àwọn ìyá Yorùbá jókòó sí, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, ẹni tó ń ta abọ́, ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó ń ta ọṣẹ. Kò sí bí mo ṣe lè kọjá láìkí wọn. Mo bá kúnlẹ̀ fún Alhaja tó ń ta abọ́, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, mo dákẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò. Obìnrin tó kúnlẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan, tó ń fojú bẹ èèyàn, kí ló ń ṣe? Ó ń tọrọ àforíjì ni! Alhaja dìde lórí àpótí. "Dìde, ọmọ mi. Kí lo ṣe?" Mo rò pé ìkúnlẹ̀ náà ni kò tó, mo tún tẹ orí ba. Wọ́n ní, "Yéè! Ọ̀rọ̀ yìí tóbi." Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ fún ẹnì kejì, ẹnì kẹta. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀. Àwọn kan ní mo bú ìyá ọkọ mi. Àwọn kan ní mo gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú wọn. Ìyá ọkọ mi fúnra wọn ń ká aṣọ, wọn ò gbójú sókè. Obìnrin Mina, ọmọ ìlú Lomé, tó ń ta tòmátì fún mi ní ènì tó pọ̀, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní kí n mọ́kàn le.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n wá parí ìjà.

Mi ò purọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo àwa tí àwọn òbí wa wá láti Nàìjíríà máa ń lọ bá bí tọkọtaya bá jà, òun àti Alhaja alábọ́, wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa. Ìyá ọkọ mi jókòó sí apá kan, wọ́n kọjú sí ògiri. Bàbá wúkọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyàwó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ yodì. Wọ́n ní ẹni méjì kì í gbé inú ilé kan náà láìbára sọ̀rọ̀, ilé yẹn á gbóná. Wọ́n ní bí ìyá ọkọ mi bá ṣẹ̀ mí, kí n sọ ọ́, àwọn á bá wọn wí. Bí èmi ni mo sì ṣẹ̀, ìkúnlẹ̀ inú ọjà ò tó, kí n fi ẹnu bẹ̀ wọ́n.

Mo ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù ń bà mí. Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi yíjú padà.

"Bí ọmọ ni mo mú un," wọ́n ní. Ohùn wọn ń gbọ̀n, ohùn tí wọ́n fi ń ta aṣọ tí gbogbo Adewui ń gbọ́. "Mo mọ̀ pé mo ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ìsọ̀. Tí kò bá fẹ́ mi nílé mọ́, kó fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wà ní Avépozo, màá kó ẹrù mi lọ síbẹ̀."

Mo la ẹnu láti ké pé "Màmá, rárá!" Mo rántí dókítà. Mo pa ẹnu dé. Mo tún là á. Mo tún pa á dé.

"Ẹ wò ó," Bàbá ní, "ó tún ń ya ẹnu sí wa."

Mo sáré wọ yàrá. Mo mú síléètì àti ṣọ́ọ̀kì jáde nínú báàgì mi, mo kánjú débi pé ṣọ́ọ̀kì dá sí méjì lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ sí wọn ní Yorùbá: Màmá, ohùn mi ló lọ láti ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ ló gbé e lọ. Dókítà ní bí mo bá sọ̀rọ̀, mi ò ní lè ṣe tíṣà mọ́. Ẹ má lọ sí Avépozo.

Ìyá ọkọ mi ka ìwé díẹ̀ nílé, ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó tẹ̀ lé àwọn òbí wọn wá sí Lomé, wọ́n sì lè ka Yorùbá dáadáa. Wọ́n gba síléètì náà, wọ́n nà án jìnnà sí ojú, wọ́n kà á sókè fún àwọn àlejò. Alhaja alábọ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, Bàbá náà bọ́ fìlà, wọ́n ń fi fẹ́ ara wọn. Ìyá ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. "Ya ẹnu." Mo yà á. Wọ́n wo inú rẹ̀ bí ẹni pé àwọn náà jẹ́ dókítà.

"Láti ọjọ́ Ajé?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O wá ń kúnlẹ̀ kiri gbogbo ọjà Adewui bí ẹni tó pààyàn?"

Mo tún mi orí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó mú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí irú ìyàwó yìí mọ́." Mo ń dúró kí wọ́n sọ pé ṣebí àwọn ti wí fún mi. Wọn ò sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó jáde, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa. Mo gbé síléètì sókè: Ṣé kò sí nǹkan, Màmá?

"A jọ ń lọ ni. Níbi tí o máa ń lọ yẹn. Èmi ni màá ṣe ẹnu fún ọ."

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n ń bá mi kí èèyàn. "Ó ní ẹ kú àárọ̀ o! Ohùn rẹ̀ ló lọ, kì í ṣe ìjà!" Wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n sọ ọ́ ní èdè Mina, wọ́n sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó gbé wa, òun tí kò béèrè. Nígbà tí a dé ilé ìwé, wọ́n gbọ́ tí wẹ́dà ń gé irin. "Kí nìyẹn?" Wọ́n lọ bá a. Mo ti ń bá wẹ́dà yẹn jà láti ìgbà pípẹ́, mo ti bú u, mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sun dìrẹ́tọ̀. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní Mina, wọ́n bi í léèrè ìyá rẹ̀, wọ́n bi í léèrè ọmọ rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó ní òun á máa gé irin òun ní ìrọ̀lẹ́ tí a bá ti lọ sílé. Ó tún gbé àga wá fún wọn sábẹ́ fèrèsé.

Dìrẹ́tọ̀ wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Mo kọ ìṣirò sí pátákó, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, irú èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Mo gbá rúlà lẹ́ẹ̀kan. Ìró ṣọ́ọ̀kì nìkan là ń gbọ́. Mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo síléètì sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nawọ́ sí ẹni tó ṣì í, ó jáde wá sí pátákó, ó tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a lọ. Inú dìrẹ́tọ̀ dùn débi pé ó dìde, ó fi ohùn ńlá béèrè bóyá àwọn ọmọ ń gbádùn ẹ̀kọ́ náà.

Gbogbo kíláàsì ló yíjú sí i, ìka lẹ́nu. "Ṣùùù, Mùsíọ̀!"

Mo rò pé ó parí fún mi. Dìrẹ́tọ̀ wo àwọn ọmọ, ó wo èmi, ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó fi ẹsẹ̀ yọ́ jáde bí olè. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo wo fèrèsé. Ìyá ọkọ mi ti dìde lórí àga, wọ́n di irin fèrèsé mú, wọ́n ń wo àwọn síléètì. Wọ́n kàn ní àwọn ń lọ sọ́jà, wọ́n sì lọ.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, dókítà ní kí n sọ pé "àà." Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ la ẹnu? Bí mi ò bá gbìyànjú, mi ò ní mọ̀ bóyá ó ti lọ tán. Mo di àga mú, mo sọ ọ́. Ó jáde. Ohùn kékeré kan, tó rẹlẹ̀ jẹ́jẹ́, bíi ti obìnrin mìíràn. Dókítà ní ó ti dáa, ṣùgbọ́n ariwo ti parí fún mi láyé, bí mo ṣe gbọ́ ọ yìí ni yóò ṣe máa wà. Mo mi orí. "Àà" yẹn nìkan ni mo bá a sọ. Èyí tó kù, mo ti mọ ẹni tí mò ń tọ́jú rẹ̀ fún.

Mo gba Adewui lọ tààrà. Ọjọ́ ọjà ni, ariwo gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìyá ọkọ mi ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ wọn.

"Màmá, ẹ kú ọjà."

Wọn ò gbọ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́? Ohùn náà ò kọjá imú mi. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ẹnu mi tó mì, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Oníbàárà wo mí, ó bi wọ́n pé ta nìyẹn.

Wọ́n mú igi tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, wọ́n fi gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, gbàà. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ náà dákẹ́.

"Ìyàwó ọmọ mi ni," wọ́n ní. "Tíṣà ni. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń sọ."